Mo ń wá ilé tí wọn yóò ti fẹ́ràn Bingo, ajá àgbàlagbà tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Àkóbọ̀

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ kọ pé:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn. Ajá kan tó wà lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn ni mo ń wá ilé fún. Bingo ni orúkọ rẹ̀, akọ ni, dókítà ẹran tó yẹ eyín rẹ̀ wò sì sọ pé yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bí kò bá tilẹ̀ tíì pé mẹ́wàá. Ó jọ pé èkúkè àti Alsatian ló bí i, nítorí ó ga díẹ̀ ju ajá ìbílẹ̀ lọ, etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, èkejì sì tẹ̀. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun títí dé abẹ́ ojú.

Àwọn tó ni ín ti kó lọ sí òkè òkun. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ pé kí ó máa fún un ní oúnjẹ títí ẹnìkan yóò fi wá gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí owó kò wọlé mọ́, ọlọ́dẹ náà bá tirẹ̀ lọ, ajá sì wà lórí ẹ̀wọ̀n nínú ọgbà tí kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló ń ju oúnjẹ sí i láti orí ògiri, títí a fi gba àṣẹ lọ́wọ́ alága àdúgbò, tí a ṣí géètì, tí a sì gé ẹ̀wọ̀n náà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Egbò ọrùn rẹ̀ ti jinná, a ti yọ eégbọn ara rẹ̀, ó ti lo oògùn aràn, ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ìdí tí n kò fi ní lè mú un dúró sọ́dọ̀ mi ni pé àwọn ajá tí kò tíì pé ọdún kan ló kún ilé mi, àwọn náà tí a kó kúrò ní títì. Wọ́n ń fò mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n ń já oúnjẹ rẹ̀ gbà, òun kì í sì í bá wọn jà. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló máa ń wọ̀ lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé tí ènìyàn máa ń wà lọ́sàn-án ni mo ń wá fún un, ilé tí wọn kò ní so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n, tí yóò sì ti lè sùn lábẹ́ òrùlé. N kò tà á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń le nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹyinjú rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni pé èéfín wà nínú rẹ̀, eyín rẹ̀ kan sì ti kán. Mo kọ gbogbo èyí síta kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á lè mọ ajá tó ń mú lọ sílé.

Ará Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ àánú o. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ó ṣì lè ṣọ́lé. Bí ó bá ṣì ń gbó dáadáa, ẹ kọ ọ́ sókè níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, nítorí ìṣọ́ ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń torí rẹ̀ sin ajá. Bákan náà, ẹ fi àwòrán tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa síbẹ̀.

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun. Yóò gbó bí ẹnìkan bá kan géètì, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ pè é ní ajá ìṣọ́lé rárá. Ẹni tó bá torí ìṣọ́ gbà á yóò retí pé kí ó máa sáré yí ọgbà ká lóru, bí kò bá sì lè ṣe é, inú rẹ̀ kò ní dùn sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ebi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ajá tí yóò máa jókòó tì í ni mo ń wá.

Ará Ìwó Road fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí èmi náà ní ajá. Owó tí ẹ ti ná lórí Bingo, àti èyí tí ẹni tí yóò gbà á yóò tún ná, lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀pọ̀ ọmọ ajá tí wọ́n ń kú lójú títì lójoojúmọ́. Ajá tó ti tó ọdún mẹ́wàá kò ní ọjọ́ púpọ̀ níwájú mọ́. Ṣé kò ní sàn kí a fi agbára tí a ní sí àwọn tí wọn yóò pẹ́ láyé?

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ fèsì pé:

Mo gbọ́ yín, n kò sì bínú. Mo ń tọ́jú àwọn ọmọ ajá náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọjọ́ tó kù fún ẹ̀dá ló yẹ kí a fi wọn ìtọ́jú tó tọ́ sí i. Bingo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ ilé àwọn kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé náà ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládùúgbò ṣe sọ fún mi. Ìgbà tí agbára rẹ̀ wá dín kù ni wọ́n fi í sílẹ̀, n kò sì lè fara mọ́ ọn pé kí àwa náà tún fi í sílẹ̀ nítorí ìdí kan náà.

Ohun kan sì wà tí àwọn ènìyàn kì í rò nípa àgbà ajá. Ọmọ ajá tí ẹ bá mú lọ sílé lónìí, ẹ kò mọ bí yóò ṣe ga tó, ẹ kò mọ̀ bóyá yóò máa géni jẹ, ẹ kò mọ̀ bóyá yóò máa jẹ bàtà àti okùn iná. Bingo ti parí gbogbo ìyẹn. Ìwà tí ẹ bá rí lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni ìwà rẹ̀: kì í ya ìgbẹ́ sínú ilé, kì í fò mọ́ àlejò, ẹ sì lè fi ọwọ́ kan àwo oúnjẹ rẹ̀ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. Fún ẹni tí kò ní agbára àti àkókò láti kọ́ ajá, irú rẹ̀ ló rọrùn jù lọ láti gbà.

Dókítà Ẹran kọ pé:

Ìtọ́jú ẹran ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti apá ọ̀dọ̀ tèmi. Ajá tó tóbi bíi Bingo máa ń wọ ọjọ́ ogbó láti bí ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ, nígbà tí àwọn kéékèèké kì í tètè gbó tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ èéfín tí ẹ rí nínú ẹyinjú rẹ̀ wọ́pọ̀ lára àgbà ajá, kò sì túmọ̀ sí pé ó ti fọ́jú. Ẹ ju òwú kékeré kan síwájú rẹ̀ láìdún, kí ẹ wò ó bóyá yóò fi ojú tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ tó ń le ní àárọ̀ jẹ́ ti oríkèé, ó sì ní oògùn tirẹ̀ tí àwa ń fún ajá, ṣùgbọ́n mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí pé kí wọ́n má ṣe fún ajá ní paracetamol tàbí ibuprofen tí wọ́n ra ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Oògùn tó ń tu ènìyàn lára wọ̀nyí lè ba ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ikùn ajá jẹ́, wọ́n sì lè pa á.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un. Ohun méjì ni kí wọ́n wá níbẹ̀. Èkíní ni bí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bí ajá bá ti dàgbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí ó sì ń tọ̀ léraléra, kíndìnrín ni kí a kọ́kọ́ wò. Èkejì ni àrùn tí eégbọn ń kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá ehrlichia àti babesia, nítorí ajá tí eégbọn bò fún ìgbà pípẹ́ lè máa gbé e kiri láìhàn síta, títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí èrìgì rẹ̀ yóò funfun, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde nímú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ehrlichia, doxycycline fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a máa ń lò, kò sì yẹ kí a já a sí ọ̀nà nítorí pé ara ajá ti yá. Ìwé àyẹ̀wò yìí ni kí ẹ fi lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ àìsàn ajá kí ó tó gbà á kì í sábà dá a padà, ẹni tó bá bá àìsàn pàdé lójijì ló máa ń dá a padà.

Ará Peckham kọ pé:

Láti ìlú London ni mo ti ń kọ̀wé. Ajá tó wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí jẹ́ greyhound tó ti sá eré ìje títí agbára rẹ̀ fi tán, mo sì gbà á nígbà tí ó ti dàgbà. Àwọn ilé ìtọ́jú ajá ti wà níbí tipẹ́. Ọdún 1860 ni wọ́n dá Battersea sílẹ̀, ọdún 1891 sì ni Dogs Trust. Kí wọ́n tó gbé ajá fún mi, wọ́n wá wo ilé mi, wọ́n wo gíga ọgbà ẹ̀yìn ilé, wọ́n béèrè ẹni tí yóò wà nílé lọ́sàn-án. Nígbà náà ni mo rántí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ ni ti owó. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà níbí tí wọn yóò wá ilé fún àgbà ajá, tí wọn yóò sì máa san owó dókítà rẹ̀ lọ fúnra wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù owó náà ni kì í jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní àyè àti ìfẹ́ lè gbà á. Ní San Francisco, ẹgbẹ́ Muttville, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, kì í gbà ju àwọn ajá tó ti tó ọdún méje sókè lọ, wọ́n sì ń rí ilé fún wọn. Bí àwa tí a wà níbí àti ẹ̀yin tí ẹ wà nílé bá lè kó owó díẹ̀ jọ fún oògùn oríkèé Bingo, yóò rọrùn láti rí ẹni tí yóò gbà á. Ẹ ka orúkọ mi mọ́ ọn.

Nípa ti àwọn tí wọ́n jápa tí wọ́n fi ajá sílẹ̀, mo fẹ́ kí a mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Kí ajá tó lè ti Nàìjíríà wọ Britain, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kékeré tó ní nọ́ńbà sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí ó pé ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí oṣù mẹ́ta sì tún kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà kí ó tó lè rìnrìn àjò. Ẹni tí físà rẹ̀ bá dé lójijì kò lè bá ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń fọkàn sí ìrìn àjò yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò ajá rẹ̀ kí ó tó gba físà, yálà láti mú un lọ tàbí láti wá ẹni gidi tí yóò gbà á.

Ọmọ Oǹdó kọ pé:

Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ dákun, ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà "ọ̀fẹ́" síbikíbi. Ilé Ògún ni wọ́n bí mi sí, n kò sì ní fi ẹnu ṣáátá ohun tí àwọn bàbá mi ń ṣe. Ajá tí a bá fẹ́ fi bọ Ògún, a máa ń rà á ní gbangba fún iṣẹ́ náà ni. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni àwọn tí wọ́n ń kó ajá jọ láti tà fún ẹran. Wọ́n máa ń wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, wọn kì í béèrè ọjọ́ orí, wọn kì í béèrè ìwà, wọn kì í béèrè ohun tí ajá ń jẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń béèrè ni bí ó ṣe tóbi tó. Bí ẹnìkan bá kọ̀ pé kí ẹ má wá wo ilé òun, ẹ má ṣe bá a lọ.

Ẹ tún kọ ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, pé bí ẹni náà kò bá lè tọ́jú ajá mọ́, ọ̀dọ̀ yín ni yóò dá a padà sí, kò ní tà á, kò sì ní fi í tọrẹ. Òfin wà lóòótọ́. Abala 495 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kí ó san owó ìtanràn ₦50, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ kò lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù lóde òní. Ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ fọwọ́ sí, tí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀, ni yóò wúlò.

Alábòójútó Ìbẹ̀jú kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́. A ní ilẹ̀ tí a ń kọ́lé sí, a sì nílò ajá tí yóò máa wà níbẹ̀ lóru. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa fún un lóúnjẹ. Mo lè wá gbé e lọ́la.

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n Bingo kò lè gbé lórí ilẹ̀ tí kò tíì ní òrùlé. Òjò yóò pa oríkèé rẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì parí, a ó tún padà sí orí ẹni tó kó lọ tí ó fi ajá sílẹ̀. Mo dúpẹ́.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì Ọ̀yọ́ kọ pé:

Ọmọ mi obìnrin ló ka ọ̀rọ̀ yìí sí mi létí, mo sì ní kí ó bá mi tẹ ìdáhùn. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo wà. Ìyàwó mi ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà ní Èkó, èmi nìkan ni mo sì kù nínú ilé tí a jọ kọ́. Ọgbà wà yí ilé ká. Kò sí àtẹ̀gùn rárá, ilẹ̀ ni gbogbo yàrá wà. Mo ti sin ajá láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní ìgbèríko, èyí tó gbẹ̀yìn kú lọ́dún tó kọjá, n kò sì fẹ́ mú ọmọ ajá mọ́ nítorí n kò lè máa sáré tẹ̀ lé e.

Mo ní àwọn ìbéèrè mélòó kan. Mo ń sin ewúrẹ́ àti adìẹ. Wọ́n ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí Bingo yóò ṣe bí ó bá rí òròmọdìẹ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, èyí tó kéré jù kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi sì ni ti ọjọ́ orí tèmi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí mi kí ó tó dé sí ajá, tàbí bí wọ́n bá dá mi dúró ní ọsibítù, ta ni yóò mú un? N kò ní fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí tèmi.

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn mú mi lọ́kàn, nítorí ẹ ti ro ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí kì í rò. Bí ẹ bá gbà á, ọ̀dọ̀ mi ni yóò padà sí nígbàkigbà tí ilé kò bá gbà á mọ́, yálà fún ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi rìnrìn àjò tàbí títí láé. Ohun tí mo kàn máa tọrọ ni pé kí ọmọ yín fọwọ́ sí ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì, kí ó lè mọ ẹni tí yóò pè.

Ní ti adìẹ, n kò tíì rí i pẹ̀lú adìẹ, n kò sì ní ṣèlérí. Ní ti ọmọdé, àwọn ọmọ àdúgbò wa máa ń wá fọwọ́ pa á lórí, ó sì máa ń dúró jẹ́ẹ́, àfi bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ níbi tí ẹ̀wọ̀n ti bó o. Ibẹ̀ ni yóò ti fà sẹ́yìn. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ kí wọ́n di òun lọ́rùn mú.

Dókítà Ẹran fèsì pé:

Bàbá, ẹ kú ìgbà yí. Bí ajá yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe tú u sílẹ̀ sáàárín adìẹ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ fún un lóúnjẹ yó tán, kí ẹ wá fi okùn gígùn mú un jókòó síbi tí yóò ti máa wò wọ́n láti òkèèrè. Bí ó bá wò wọ́n tí ó sì yí ojú kúrò, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀. Ẹ sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá tẹjú mọ́ wọn tí ara rẹ̀ le gan-an, ẹ dá a padà sẹ́yìn. Ewúrẹ́ kì í sábà fa wàhálà, òbúkọ ló máa ń kan ajá.

Ní ti àwọn ọmọ-ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ dá wà pẹ̀lú ajá kankan, bí ó ti wù kí ajá náà níwà tó. Ẹ sì rí i pé ó ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ lásìkò lọ́dọọdún. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, ọ̀dọ̀ ajá ni nǹkan bí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn tó ní dìgbòlugi ti ń kó o. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ, tàbí tí ó fi èékánná ya á lára, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe dúró de àmì àìsàn, nítorí bí dìgbòlugi bá ti fara hàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo.

Ìyá Olóúnjẹ Ṣángo kọ pé:

Èmi ń ta oúnjẹ, mo sì ní orí ẹja tó máa ń ṣẹ́kù, mo lè máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé àjẹkù ọbẹ̀ fún un, nítorí alùbọ́sà tó wà nínú ọbẹ̀ wa kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ajá, iyọ̀ àti maggi rẹ̀ sì pọ̀ jù. Sáwá tí ẹ sè lómi lásán, tí ẹ yọ egungun rẹ̀, tí ẹ pò mọ́ ìrẹsì tó rọ̀, yóò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, eyín tó kán náà kò ní dí i lọ́wọ́. Egungun adìẹ tí a ti sè kò dára, ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó.

Ará Ìwó Road fèsì pé:

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Èrò mi nípa àwọn ọmọ ajá ojú títì kò yí padà, síbẹ̀ Bàbá yìí kì bá tí gbà ọmọ ajá rárá, nítorí náà Bingo kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Mo ní ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, èmi ni yóò wà yín lọ, n kò sì ní gba owó epo.

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ehrlichia hàn bí Dókítà ṣe fura, kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó parí doxycycline rẹ̀ kí a tó kúrò ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí Ọ̀yọ́ nínú ọkọ̀ tí Ará Ìwó Road wà. Mo wo ilé náà. Géètì rẹ̀ ní àlàfo nísàlẹ̀ tí ajá lè gbà jáde, Bàbá sì pe aládùúgbò kan tó fi pákó dí i kí a tó tú okùn Bingo. Ó rìn yíká yàrá, ó mu omi, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Nígbà tí a ń lọ, ó tẹ̀ lé wa dé géètì ó sì sọkún, n kò sì ní purọ́ pé ó rọrùn fún mi. A ti jọ fọwọ́ sí ìwé: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti ìdánwò, lẹ́yìn náà ni a ó jọ pinnu.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì Ọ̀yọ́ kọ pé:

Mo kí gbogbo yín. Lálẹ́ àkọ́kọ́, kò jẹun, ó sì ń rìn kiri yàrá títí di òru. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ti dún, ó máa ń gbọ̀n. Mo gbé ibùsùn rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi kí ó lè máa gbọ́ ìró mi. Ó ti ń jẹun báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń bá mi rìn dé òpin àdúgbò bí oòrùn bá ti rọ̀. Àkùkọ ló kọ́kọ́ sá tọ̀ ọ́ lọ, Bingo sì yí padà, ó fi í sílẹ̀. Kò tíì fọwọ́ kan òròmọdìẹ kankan, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi okùn mú un bí mo bá ń fún wọn lóúnjẹ.

Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé lọ́kàn mi ṣáájú àkókò. N kò ní dá a padà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ti oògùn oríkèé náà: ṣé ojoojúmọ́ ni kí n máa fún un, tàbí ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le nìkan? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè fi òróró kùn ún fún un bí mo ṣe ń ṣe fún ara mi.

Dókítà Ẹran fèsì pé:

Bàbá, ẹ máa fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, kì í ṣe lórí ikùn òfìfo. Bí ó bá bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì pè mí. Ẹ má ṣe fi òróró ìfipara ènìyàn kùn ún, nítorí yóò fi ahọ́n lá a, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì dára fún un. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má ṣe máa sùn lórí táìlì tútù, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó sanra jù, nítorí ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń tẹ oríkèé náà. A ó tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Olùtọ́jú Àkóbọ̀ fèsì pé:

Bàbá, mo dúpẹ́ gan-an. N ó yí àkòrí ọ̀rọ̀ yìí padà sí pé Bingo ti rí ilé. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ àti èsì àyẹ̀wò náà ń bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín tó ń bọ̀ láti Èkó ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ará Peckham ti fi owó oògùn àkọ́kọ́ ránṣẹ́, Ìyá Olóúnjẹ sì ti fi ẹja sínú fíríìsà fún yín. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi owó kún ti àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà, kí ó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, n ó sì máa fi rìsíìtì hàn níbí.